Egbò Tí Kò Jinná

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà pé àrùn Òyìnbó nìkan ni jẹjẹrẹ awọ ara í ṣe. Lóòótọ́, àwọ̀ dúdú tí a bí mọ́ wa jẹ́ ààbò lọ́wọ́ oòrùn. Ṣùgbọ́n ààbò náà kò dé ibi gbogbo lára, kò sì sí fún gbogbo ènìyàn.

Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkínní a máa yọ bí kókó kékeré tí ń dán, pàápàá ní ojú; kì í sábà ràn, ṣùgbọ́n a máa jẹ ẹran ibi tí ó bá wà. Èkejì a máa rí bí egbò líle tí ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó lè ràn dé abíyá tàbí ibòmíràn. Àwọn méjèèjì yìí ni ọ̀tá àwọn àfín. Èkejì sì lè hù nínú àpá iná àtijọ́, tàbí nínú egbò ẹsẹ̀ ọlọ́dún púpọ̀, àní lára ẹni tí ó dúdú bí kóró iṣin.

Ẹ̀kẹta ni ó burú jù. Lára àwa dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ni í sábà wà. Irú rẹ̀ ni a rí lábẹ́ èékánná ẹsẹ̀ Bob Marley, olórin ará Jàmáíkà, ní 1977. Ó kú ní 1981, ní ẹni ọdún 36. Kì í ṣe gbogbo ilà dúdú inú èékánná ni ó léwu. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń fẹ̀ sí i, tàbí tí dúdú náà bá tàn dé awọ ẹ̀bá rẹ̀, ẹ má ṣe fi falẹ̀.

Egbò tí kò jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, àmì tí ń yí àwọ̀ tàbí ìrísí padà, kókó tí ń ṣẹ̀jẹ̀ láìṣe pé a fi nǹkan gbá a: ẹ fi wọ́n han dókítà. Yóò gé díẹ̀ níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, a ó gé e kúrò pẹ̀lú ìwọ̀nba awọ tí ó yí i ká. Àwọn mìíràn a máa gba ìtànṣán tàbí oògùn pẹ̀lú. Àgbo àti omi bátìrì kì í wò ó sàn. Àkókò ni wọ́n ń fi ṣòfò.

Ẹ̀yin tí ẹ bí àfín, ẹ dé ọmọ náà ní àkẹtẹ̀ ńlá, ẹ wọ̀ ọ́ ní aṣọ alápá gígùn, ẹ fi ìpara tí ń dènà oòrùn pa á lára. Ẹ má ṣe rán an kiri ọjà láàárín agogo 10 òwúrọ̀ sí agogo 4 ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ abẹ́ òrùlé ni kí ẹ fi kọ́ ọ.

Kí tọkọtaya sì máa wo ẹ̀yìn àti àtẹ́lẹsẹ̀ ara wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.