Ẹ fi jacinthe sílẹ̀ fún àwọn tó ní òtútù



Ọ̀rọ̀ òdòdó ni mo bá wá lónìí. Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ olówó ni, nítorí owó mẹ̀kúnnù ń bá a lọ. Lórí fóònù ni wọ́n ti ń fi àwòrán jacinthe, tulipe àti narcisse hàn wá, àwọn òdòdó tó ń tanná nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Yúróòpù, tí òórùn ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dùn. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Paris àti London náà a máa dì í sínú báàgì wá fún ìyá wọn. Ìdí rẹ̀ rí bí àlùbọ́sà, nítorí náà àlùbọ́sà òdòdó ni màá máa pè é. Ìyá á gbìn ín sínú ìkòkò, á máa bomi rin ín. Ewé á yọ. Bóyá òdòdó kúkurú kan á há sáàárín ewé náà, kò ní lè jáde, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á jẹrà. Wọ́n á wá ní ọwọ́ ìyá kò dára fún ọ̀gbìn. Irọ́ ni o.

Apá ibi tí Turkey, Síríà àti Lẹ́bánónì wà ni jacinthe ti ṣẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀, òdòdó ọdún tó ń bọ̀ ti ń dá ara rẹ̀ sínú àlùbọ́sà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pá òdòdó yẹn kò ní gùn jáde àfi tí òtútù bá mú un dáadáa, bíi ọ̀sẹ̀ 10 sí 14, ní ìwọ̀n 4 sí 9 lórí Celsius. Ní Àjàṣẹ́, kódà ní òru ọyẹ́ tí a ń da aṣọ bora, a kì í sún mọ́ 10.

Ẹnìkan á sọ pé òun ní fìríìjì. Òótọ́ ni, ó ṣeé ṣe. Ẹ fi bébà wé e, kí ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí máńgòrò tó ń pọ́n, nítorí èso tó ń pọ́n ń tú afẹ́fẹ́ ethylene jáde, èyí tó lè pa òdòdó inú rẹ̀. Kí ó má sì sún mọ́ àlùbọ́sà ọbẹ̀, torí kò ṣeé jẹ. Oṣù mẹ́ta nínú fìríìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja, kí iná má sì lọ! Tó bá wá tanná, ooru wa kò ní jẹ́ kó pẹ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ tún padà sórí òtútù, nígbà tí àlùbọ́sà náà ti rù. Lójú tèmi, ìyẹn kì í ṣe ọ̀gbìn mọ́, òdòdó háyà ni. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá lè fi tòyìnbó sílẹ̀, kó wá narcisse funfun tí wọ́n ń pè ní Narcissus papyraceus. Ìyẹn kì í béèrè òtútù kó tó tanná.

(Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ tàn yín. Jacinthe d'eau tó ń bo ọ̀sà wa àti adágún Nokoué kì í ṣe ìbátan rẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ì bá jẹ́ pé òun náà ń béèrè òtútù ni, àwọn apẹja wa ì bá sinmi.)

Ohun tó ń dùn mí ni pé a ní tiwa. Àlùbọ́sà òdòdó ń sùn kí àkókò líle lè kọjá ni. Lọ́dọ̀ wọn, òtútù ni àkókò líle. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ẹ wo Crinum jagus tó ń hù ní àkúrọ̀, ní etí omi àti lábẹ́ ìbòòji igbó. Àwọn kan ń pè é ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ odò. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó tóbi, ó ṣẹnu bí agogo, òórùn rẹ̀ sì ń ta sánsán bíi fàníílà. Ìbátan narcisse gan-an ni, ìdílé Amaryllidaceae ni àwọn méjèèjì. Àwọn oníṣègùn wa mọ̀ ọ́n tipẹ́ fún ọ̀rọ̀ ìgbàgbé. Ní 2004, àwọn onímọ̀ láti London àti Ilé-Ifẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí rẹ̀ àti lórí Crinum glaucum, wọ́n sì rí èròjà nínú wọn tó ń dí acetylcholinesterase lọ́wọ́. Iṣẹ́ yìí kan náà ni galantamine ń ṣe, oògùn àìsàn ìgbàgbé tí wọ́n ń rí lára narcisse. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sè é mu o! Májèlé wà nínú rẹ̀, ó ń fa èébì. Ẹ gbé e jìnnà sí ọmọdé.

Gbígbìn rẹ̀ kò le. Ẹ wá ilẹ̀ tó tutù, tó ní ìbòòji díẹ̀, ẹ po ìdọ̀tí ewé tó ti jẹrà mọ́ ọn, kí ọrùn àlùbọ́sà náà yọ sókè díẹ̀. Kò fẹ́ kí a máa hú u kiri. Ẹ fi í sílẹ̀, á bí ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ẹ ó sì rí tí ẹ ó bù fún aládùúgbò. Ẹni tó fẹ́ òórùn alẹ́ lè fi tubéreuse kún un. Mẹ́síkò ló ti wá, kì í ṣe tiwa, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ooru, àwọn ará Íńdíà sì ń fi í ṣòwò ńlá.

Ṣùgbọ́n àkúrọ̀ tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ odò ń gbé náà ni a ń da yanrìn sí láti kọ́lé. Ẹni tó bá fẹ́ da yanrìn, kó kọ́kọ́ hú u kúrò, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò gbà. Àwọn tó ń ta òdòdó létí títì náà, ohun tí a bá béèrè ni wọ́n ń tà. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Jardin des Plantes et de la Nature sì wà láàárín ìlú wa níbí, ọgbà tí àwọn Faransé fi ń dán ọ̀gbìn ilẹ̀ òkèèrè wò láyé ìjọba wọn. Ó yẹ kí ẹbè kan wà níbẹ̀ fún àlùbọ́sà òdòdó ilẹ̀ wa, pẹ̀lú orúkọ wọn ní Yorùbá àti ní Gùn.

Ẹ̀yin ará Pobè, Kétu, Ṣakẹ́tẹ́ àti Ìpókíá, kí ni àwọn àgbà yín ń pè é? Ẹ bi wọ́n, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa kí a tó lọ bá àwọn alábòójútó ọgbà náà.