Ọkọ̀ Ojú Omi Ààrẹ àti Owó Ìwé Ọmọ Tálákà

Òkun jìnnà sí Adó-Èkìtì, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi Ààrẹ kan ọmọ ibẹ̀ tó ń wá owó ilé-ẹ̀kọ́. Lọ́dún 2023, ìjọba àpapọ̀ ya nǹkan bíi bílíọ̀nù 5 náírà sọ́tọ̀ fún un nínú àfikún ìṣúná tírílíọ̀nù 2.17 náírà. Àwọn tó gbèjà rẹ̀ ní ọkọ̀ iṣẹ́ àwọn ológun ojú omi ni. Ariwo sọ, Ilé Aṣojú-ṣòfin darí owó náà sí ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn sì di bílíọ̀nù 10.

Kíkà tí ará ìlú ka ìṣúná, tí wọ́n sì fọhùn, ló so èso yìí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ó yẹ kí àwọn ará Èkìtì máa yẹ ìṣúná ìpínlẹ̀ tiwọn náà wò fínnífínní, kí àwọn aṣòfin tó fọwọ́ sí i.