ÌWÉ KÌ Í ṢE OWÓ

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ọjà,

Ní ìpàdé wa tó kọjá, mo ní kí ẹgbẹ́ má yá ẹnikẹ́ni lówó mọ́ láti kó ẹrù lọ sí òkè òkun, àfi tó bá kọ́kọ́ fi hàn wá bí owó rẹ̀ yóò ṣe wọlé. Ariwo ta. Ẹnì kan ní mo fẹ́ ba ọjà jẹ́. Ẹlòmíràn ní ọmọ wa ló ń rajà lọ́wọ́ wa ní London, pé ìwọ̀sí ni kéèyàn béèrè owó lọ́wọ́ ọmọ ẹni kí ẹrù tó dé ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, mo wá kọ ọ́ síbí.

Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Owó tí kò tíì wọ àkáǹtì rẹ kì í ṣe owó rẹ. Ìwé kì í ṣe owó. Àwòrán orí fóònù kì í ṣe owó. "Màmá, mo ti fi ránṣẹ́" kì í ṣe owó.

Ojú mi ló rí i. Lọ́dún 2016, ẹ̀gúsí àti ewúro gbígbẹ ni mò ń kó ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin kan ní London. Ó san ti àkọ́kọ́ pé. Ó san ti ẹlẹ́ẹ̀kejì pé, kò tiẹ̀ ná ọjà. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ní òun fẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Ó fi àwòrán ìwé báǹkì ránṣẹ́ sí mi, orúkọ mi wà níbẹ̀, iye owó wà níbẹ̀. Inú mi dùn, mo fi ìwé ẹrù ránṣẹ́ sí i. Ó gbẹ́rù. Nígbà tí mo dé báǹkì, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Owó àjọ ni mo fi ra ẹrù yẹn o! Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi san án.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí oníbàárà bá jẹ wá lówó níbí, a mọ ilé rẹ̀, a mọ ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹni tó wà ní London ńkọ́, ilé ta la fẹ́ lọ jókòó sí? Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwọ̀sí ni, ṣé ọmọ yẹn ń gbé búrẹ́dì jáde ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ láìsanwó? Kí ló dé tó jẹ́ tiwa nìkan ni bíbéèrè owó di ìwọ̀sí?

Ẹ gbọ́ bó ṣe yẹ ká ṣe é. Ẹrù tó bá bá ọkọ̀ òfurufú lọ, ẹ gba gbogbo owó kó tó gbéra, torí ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lórí ìwé ni wọn yóò kó o fún, wọn ò ní bi í bóyá ó ti sanwó. Èyí tó bá bá ọkọ̀ ojú omi lọ, ẹ gba ìdajì ṣáájú, ó kéré tán kó ká owó tẹ́ ẹ fi rajà. Ìwé tí wọ́n ń pè ní bill of lading, òun ni kọ́kọ́rọ́ ẹrù. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí oníbàárà. Ẹ fún báǹkì yín, kí báǹkì yín fi ránṣẹ́ sí báǹkì tirẹ̀, kó sanwó kó tó gba ìwé. Bí ẹrù bá tó kọ́ńtẹ́nà, ẹ ní kó ṣe letter of credit, kí báǹkì yín níbí sì fọwọ́ sí i pé àwọn yóò san. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, ìwé ni báǹkì ń wò, wọn kì í wo ẹrù. Bí ọ̀rọ̀ kan bá yàtọ̀ nínú ìwé yín, wọ́n lè má san.

Ẹni tó bá fi ṣẹ́ẹ̀kì òkè òkun ránṣẹ́, tó ní owó ti pọ̀ jù, kí ẹ dá ìyókù padà, olè ni. Ṣẹ́ẹ̀kì náà yóò padà sẹ́yìn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, báǹkì yóò sì gba owó wọn lọ́wọ́ yín. Àkáǹtì dọ́là, ẹ ṣí i ní orúkọ ara yín, kì í ṣe ti ọmọ àbúrò. Kí ẹ sì sọ fún oníbàárà pé bí ẹnikẹ́ni bá ní nọ́ńbà àkáǹtì yín ti yí padà, kó pè yín kó gbọ́ ohùn yín.

Èyí tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ rèé. Ẹni tó bá ń kó ẹrù jáde fún títà gbọ́dọ̀ kọ Form NXP ní báǹkì. Láti ọjọ́ tó wà lórí bill of lading, ọjọ́ 180 ni CBN fún wa kí owó fi wọlé. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, CBN kéde pé àwọn ò ní fi ọjọ́ kún un fún ẹnikẹ́ni mọ́. Oníbàárà ló sá lọ, ṣùgbọ́n orúkọ tìẹ ló wà nínú ìwé. Ìwọ ni wọn yóò bi.

Àwọn kan wá ní ká kúkú pa òwò náà tì. Rárá o! Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn ọmọ wa lọ́hùn-ún ń jẹ ẹ̀gúsí, wọ́n ń jẹ èlùbọ́, owó wà níbẹ̀. Ká gbà á pé ni mo wí.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, mo tún máa dìde. Owó ẹgbẹ́ kì í ṣe ti ẹnì kan, òógùn gbogbo wa ni. Ẹni tó bá fẹ́ yá a fún ẹrù òkè òkun, kó mú ìwé báǹkì wá pé owó àsansílẹ̀ ti wọlé, kí akápò fúnra rẹ̀ bá a dé báǹkì lọ béèrè. Ẹ wá dìbò sí i. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ tún pariwo, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán lọ́tẹ̀ yìí.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. A ò ní tajà f'ólè o.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́