Kẹ̀kẹ́ Háyà ní Ìlú Etí Òkun

 

Ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn ìdílé a máa béèrè pé níbo ni ó dára láti kó ọmọ lọ nígbà ọlidé, tí yóò gbádùn ara rẹ̀ tí yóò sì tún kọ́ ọgbọ́n bọ̀. Èsì tèmi ni ìlú Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tí à ń pè ní Dàhọ̀mì títí di ọdún 1975. Bí ẹ bá sì dé ibẹ̀, ẹ háyà kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo wí o, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Mo mọ̀ pé lójú àwa ará Igbole, àti gbogbo agbègbè Ìdó, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé yìí, kẹ̀kẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ohun ìgbafẹ́. Ilẹ̀ òkè ni ilẹ̀ wa. Bí ènìyàn bá fi ayọ̀ sáré sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi bọ́ sílẹ̀, tí yóò máa ti kẹ̀kẹ́ gun òkè kejì bí ẹni ń ti ewúrẹ́ alágídí lọ sí ọjà. Àgbẹ̀ tó bá ti di iṣu mọ́ kẹ̀kẹ́ láti oko rí mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn ọmọdé nìkan ni wọ́n mọ adùn rẹ̀, àwọn tí wọ́n ń fi owó Iléyá háyà kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ bàbá atúnkẹ̀kẹ́ṣe, tí wọ́n ń gùn ún yí pápá ilé-ìwé ká títí wákàtí wọn yóò fi pé.

Ouidah kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ bí ẹní, yanrìn ni, igi àgbọn pọ̀ níbẹ̀, oòrùn sì ń ràn yòò. Ó tó nǹkan bí kìlómítà 40 láti Kútọnu sí apá ìwọ̀-oòrùn. Ìlú náà fúnra rẹ̀ kò jókòó sí etí omi gan-an. Láti àárín ìlú dé òkun tó bíi kìlómítà 4, ọ̀nà náà sì la ilẹ̀ ọ̀sà kọjá. Ọ̀nà yìí ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Bí ọmọdé bá fi ẹsẹ̀ rìn ín lọ rìn ín bọ̀ nínú oòrùn, yóò rẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá sì wọ ọkọ̀, ọkọ̀ yóò ti sáré kọjá kí ọmọ tó béèrè pé, “Bàbá, kí ni èyí?” Kẹ̀kẹ́ ló ṣe déédé: ó yá ju ẹsẹ̀ lọ, kò sì yá ju ojú lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ti ń ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá, kí ó mú ìwé ìrìnnà tirẹ̀ àti ti àwọn ọmọ dání, pẹ̀lú káàdì àjẹsára ibà pọ́njú, kí ó sì ṣẹ́ owó rẹ̀ sí sẹ́fà. Èdè Faransé àti èdè Fọ̀n ni ẹ ó máa gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rù. Nàgó ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀, a sì máa rí ẹni tó gbọ́ ọ lọ́jà.

Ní ti háyà, ẹ béèrè kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ onílé ìtura tí ẹ bá wọ̀ sí, tàbí lọ́wọ́ amọ̀nà tí yóò mú yín kiri. Kí ẹ tó fi owó sílẹ̀, ẹ sọ iye rẹ̀, ẹ sọ wákàtí, ẹ sì sọ ẹni tí yóò san owó àtúnṣe bí táyà bá jò. Àdéhùn tí a kò là yé ara wa ni ó ń di ìjà nígbà tí a bá ń dá nǹkan padà. Ẹ fún bíréékì méjèèjì wò. Ẹ tẹ táyà. Ẹ wo ṣéènì bóyá ó ti dẹ̀. Ẹ rí i pé aago rẹ̀ ń dún, nítorí àwọn alùpùpù tí wọ́n ń pè ní sẹ́míjàn pọ̀ ní ìgboro. Kí ìjókòó ọmọ má ga débi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní kan ilẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí kò bá ní bíréékì, ẹ má gbà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni kí ẹ gbéra, kí oòrùn tó le. Ẹ gbé omi, ẹ dé fìlà. Bí ẹ bá sì dé òkun, ẹ wò ó, ẹ gba atẹ́gùn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọ wọ inú rẹ̀. Ìgbì etí òkun wa yìí lágbára, a máa wọ́ ènìyàn lọ.

Ìyá kan lè wí pé, “Àlùfáà, ṣé obìnrin Mùsùlùmí náà yóò wá gun kẹ̀kẹ́ ni?” Èmi kò rí ohun tó burú níbẹ̀ bí aṣọ bá bo ara. Ẹ béèrè kẹ̀kẹ́ tí kò ní irin gbọọrọ ní àárín. Ẹ wọ ṣòkòtò sábẹ́ aṣọ gígùn. Ìró kò dára fún un, ṣéènì yóò gé e jẹ. Ẹ ká etí híjáàbù sínú kí ó má baà wọ sípóòkì. Ẹ má fi ọmọbìnrin sílẹ̀ sábẹ́ igi pé kí ó máa ṣọ́ ẹrù nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń gun kẹ̀kẹ́ lọ. Ìdí tí mo fi sọ èyí yóò hàn sí yín láìpẹ́.

Ọ̀nà tí mo ní kí ẹ gùn yìí, ọ̀nà ẹrú ni. Láti ṣáájú ọdún 1727 tí Ọba Agaja ti Dàhọ̀mì gba ìlú náà, títí di nǹkan bí ọdún 1860 sí i, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó ènìyàn lọ sí òkè òkun. Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú díwọ̀n rẹ̀ pé wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan. Yorùbá pọ̀ lára wọn. Ní ọdún 1860, ọkọ̀ Clotilda kó 110 ènìyàn ní ẹ̀bá Ouidah lọ sí Alabama ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ òfin ti ka irú òwò bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ níbẹ̀ tipẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, Kossola, tí wọ́n sọ ní Cudjo Lewis, ó wà láyé títí di ọdún 1935. Àwọn bàbá wa àgbà kan ti dáyé nígbà náà. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà tó bí a ti ń rò.

Àárín ìlú ni ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀, ní gbàgede tí wọ́n fi orúkọ oyè Chacha pè. Oyè Francisco Félix de Souza ni, oníṣòwò ẹrú láti ilẹ̀ Bùràsíìlì, ẹni tó kú ní ọdún 1849. Níwájú díẹ̀ ni ibi Igi Ìgbàgbé. Àwọn amọ̀nà ń wí pé wọ́n máa ń mú kí ọkùnrin yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀méje, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Àwọn òpìtàn kan kò gba ìtàn igi náà gbọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Zomaï, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ibi tí iná kì í dé, níbi tí wọ́n ní wọ́n ti ń há àwọn ẹrú mọ́ inú òkùnkùn. Ní Zoungbodji ni ìrántí àwọn tó kú kí ọkọ̀ tó dé wà. Ní etí òkun, ẹ ó rí ẹnu ọ̀nà ńlá kan tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1995, tí wọ́n pè ní Ẹnu Ọ̀nà Àìpadà.

Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ ti rí i báyìí? Obìnrin pọ̀ lára àwọn tó rin ọ̀nà yìí. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé ọ̀nà ọkùnrin ni. Nítorí náà, kí ọmọbìnrin yín gùn ún, kí ó sì mọ ibi tí ó ń gùn.

Bí ìtàn igi yẹn bá tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́, igi náà kò lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́. Àwọn ènìyàn wa kò gbàgbé. Ní Bàhíà, ní oṣù Ramadan, òru ọjọ́ 24 sí 25 oṣù January ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tí Yorùbá pọ̀jù nínú wọn dìde sí àwọn tó kó wọn lẹ́rú. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, èyí tó wá láti inú ọ̀rọ̀ wa, ìmàle. Wọ́n ṣẹ́gun wọn. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ní èdè Lárúbáwá, tí àwọn ọlọ́pàá gbà lọ́wọ́ wọn, ṣì wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Bàhíà. Lẹ́yìn ìdìde náà, wọ́n lé àwọn kan padà sí Áfíríkà, àwọn kan sì padà fúnra wọn. Ní Ouidah, wọ́n tẹ̀dó sí àdúgbò Maro. Bí ẹ bá ti etí òkun bọ̀, ẹ gùn gba ibẹ̀ kọjá. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ní kò sí àpadàbọ̀, àwọn wọ̀nyí padà.

Kí a má sì purọ́ fún ọmọ. Bí ó bá béèrè pé, “Ta ló tà wọ́n?” ẹ má dárúkọ òyìnbó nìkan. Ọba aláwọ̀ dúdú ló ń jagun kó wọn, Yorùbá náà ń ta Yorùbá. Ní Àgbádárìgì, ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ilé tí Sèríkí Abass fi ń ṣòwò ẹrú ṣì wà tí àwọn àlejò ń wò, Mùsùlùmí bíi tiwa sì ni. Ọmọ tó bá gbọ́ òtítọ́ yìí lẹ́nu òbí rẹ̀ kò ní rò pé orúkọ rere tàbí ẹ̀sìn nìkan tó láti gba ènìyàn lọ́wọ́ ojúkòkòrò.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ sáré ní ìgboro, kí wọ́n fọn aago, kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbafẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Zoungbodji, kí gbogbo yín sọ̀kalẹ̀, kí ẹ ti kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ọwọ́, kí ẹ sì dákẹ́ díẹ̀. Èyí kò ní gbà yín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ nu yanrìn kúrò lára kẹ̀kẹ́, kí ẹ dá a padà kí wákàtí tó kọjá, bí ẹ ti gbà á. Àmánà ni ohun tí a háyà. Bí ohun kan bá kán, ẹ sọ ọ́ kí olówó tó rí i. Lẹ́yìn náà, kí ẹ kó àwọn ọmọ yín jọ, kí ẹ kà wọ́n, kí ẹ sì mú gbogbo wọn padà sílé.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.