Ẹ má ra jẹnẹrétọ̀ yẹn o!

 

Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kan kọ síbí lálẹ́ àná, pé kí kálukú dáwó ká fi ra jẹnẹrétọ̀ dísù ńlá fún àwọn ọmọ wa tó ń ṣe wẹ́dà ní ṣẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní sólà kò lè jó irin, pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ oòrùn, ọjà ara rẹ̀ ló ń polówó. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú: irin ni mò ń tà, èmi ò ta sólà. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá síbí. Wẹ́dà tí kò bá ríṣẹ́ ṣe kò ní ra irin lọ́wọ́ mi, torí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n tún fi àwọn dọ́kì Èkó ṣe àpẹẹrẹ, ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ òkun tí wọ́n sì ń tún un ṣe. Wọ́n ní ṣé oòrùn ni Nigerdock tó wà ní Snake Island láti ọdún 1986 fi ń jó irin ni? Ìbéèrè tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dọ́kì gan-an ló ń jẹ́rìí ta ko ẹ̀gbọ́n.

Ẹ gbọ́ ti àjọ NIMASA. Lọ́dún 2018 ni dọ́kì tó ń léfòó, èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ Damen, àwọn ará Netherlands, dé sí Èkó. Ìròyìn sọ pé owó rẹ̀ tó bílíọ̀nù 50 náírà. Ohun èlò ńlá ni, ó lè gbé odindi ọkọ̀ sókè kúrò nínú omi. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà níbẹ̀ láìṣiṣẹ́, torí wọ́n ra nǹkan tán kí wọ́n tó máa wá ibi tí wọ́n máa gbé e sí àti ẹni tó máa bójú tó o. Ṣé irú ẹ̀ la fẹ́ ṣe l'Abaji? Ta ló máa ra dísù? Ta ló máa pààrọ̀ ọ́ìlì? Ẹ̀gbọ́n ò kọ ìyẹn síbẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí dọ́kì ń ṣe fún ọkọ̀. Wọ́n á gbé e jáde nínú omi, wọ́n á ha ìkarahun àti ewéko tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ dànù, wọ́n á kùn ún lọ́dà. Kí nìdí? Ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ dọ̀tí ń jẹ epo ju èyí tí abẹ́ rẹ̀ mọ́ lọ. Ẹni tó ni ọkọ̀ kì í torí ẹ̀ ra ẹ́ńjìnnì tó tóbi sí i, ìdọ̀tí ló máa kọ́kọ́ ha. Àwa ńkọ́? Kí la ti ha ní ṣẹ́ẹ̀dì wa?

Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Wẹ́dà mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn ṣì ń lo ẹ̀rọ àtijọ́, èyí tí wọ́n fi wáyà kọ́pà we, tó jẹ́ pé èèyàn méjì ló ń gbé e. Ẹ̀rọ yẹn ń fa iná kódà nígbà tí kò jó nǹkan kan. Ọmọ á lọ jẹ ẹ̀wà, á fi í sílẹ̀ ní títàn. Inverter kékeré tí èèyàn ń gbé kọ́ èjìká ń ṣe iṣẹ́ kan náà, iná tó ń jẹ kò sì tó bẹ́ẹ̀. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí wọ́n fi ń kùn ọ̀dà ń yọ afẹ́fẹ́ níbi mẹ́ta, mo fi etí ara mi gbọ́ ọ, ṣíìì, látàárọ̀ dalẹ́. Owó epo ni atẹ́gùn yẹn o! Gílóòbù 100 watt mẹ́jọ ń tàn lọ́sàn-án gangan, nígbà tí LED tí iná tó ń jẹ kò tó bẹ́ẹ̀ máa ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ wá gbé jẹnẹrétọ̀ ńlá síbẹ̀, bí iṣẹ́ ò bá tiẹ̀ sí, á ṣáà máa gbé dísù mì.

Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà nílé epo ìjọba. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,000 ní Àbújá níbí. Iná ìjọba náà ńkọ́? Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC gbé owó àwọn tó wà ní Band A láti náírà 68 sí 225 fún yúnìtì kan. Ọmọ méjì tó kọ́ṣẹ́ ní ṣẹ́ẹ̀dì yẹn ti ń gun ọ̀kadà báyìí, owó epo jẹ èrè wọn tán. Èmi ni mo ṣe alága fíríìdọ̀mù ọ̀kan nínú wọn.

Mi ò sọ pé sólà máa jó irin tó nípọn. Lásìkò ọyẹ́, eruku á bo páànù. Lásìkò òjò, oòrùn á máa yọjú bí olè. Àwọn tó ń kiri bátìrì àlòkù náà, ẹ sá fún wọn. Ṣùgbọ́n gẹ́ètì àti ilẹ̀kùn là ń jó l'Abaji, kì í ṣe ọkọ̀ òkun. Iná, fáànù àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin, oòrùn lè gbé e lọ́sàn-án. Irin líle, ẹ jẹ́ kí wọ́n kó o jọ, kí wọ́n fi jẹnẹrétọ̀ tó ti wà nílẹ̀ jó o fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, dípò kó máa dún látàárọ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni ìpàdé. Kí wọ́n tó gbé àwo ìdáwó kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ iye dísù tí jẹnẹrétọ̀ yẹn máa mu lóṣù fún gbogbo wa rí. Tèmi ti wà nílẹ̀: gílóòbù LED mẹ́jọ àti rọ́bà kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tuntun wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Kí akọ̀wé rán ọmọ wá gbé e.