Kí Ni Ọmọ Náà Yóò Lè Ṣe Kí Sáà Tó Parí?

Fóònù àti kọ̀ǹpútà ti di ara ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń béèrè bí sáà ẹ̀kọ́ tuntun bá wọlé. Ọ̀pọ̀ ìdílé a máa tiraka láti rà á. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ọmọ: kí ni o fẹ́ fi í ṣe, tí o kò lè ṣe lónìí?

Ní 2013, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lábẹ́ Gómìnà Rauf Aregbesola, gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà: tábúlẹ́ẹ̀tì tí a kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sínú rẹ̀. Èrò rere ni. Síbẹ̀, ẹ̀rọ tó gbé ọ̀pọ̀ ìwé kò lè bá ọmọ pinnu èyí tí yóò kọ́kọ́ dojú kọ. Iṣẹ́ ọmọ àti olùkọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ àgbẹ̀ kòkó ní Ọ̀wẹnà, ní Ìdànrè, gan-an. Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni JAMB ti ń ṣe ìdánwò UTME. Ìbéèrè 180 ni, wákàtí méjì sì ni àkókò rẹ̀. Bí a bá pín in, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni ó kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó mọ̀wé dunjú, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí máòsì, lè pàdánù máàkì tí kì í ṣe àìmọ̀wé ló fà á.

“Mo fẹ́ mọ kọ̀ǹpútà” kì í ṣe àfojúsùn. Ìfẹ́ ọkàn lásán ni. Àfojúsùn a máa sọ ohun tí a ó lè ṣe, ọjọ́ tí a ó ṣe é, àti bí a ó ṣe mọ̀ pé a ti ṣe é. JAMB, fún àpẹẹrẹ, gba akẹ́kọ̀ọ́ láàyè láti lo lẹ́tà mẹ́jọ dípò máòsì: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P fún èyí tó ṣáájú, S fún ìfisílẹ̀, R fún ìyípadà. Ọmọ lè kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: “Kí oṣù yìí tó parí, n ó dáhùn ìbéèrè Bàọ́lọ́jì 40 láàárín ìṣẹ́jú 27, láì fọwọ́ kan máòsì.” Ẹni tó kéré sí i lè pinnu láti fi kọ̀ǹpútà ṣe àkọsílẹ̀ àpò kòkó tí ilé wọn tà àti iye owó tó wọlé.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọmọ ní ìwà àgbà yìí. Ní ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ ìlà mẹ́ta: Kí ni mo lè ṣe báyìí? Níbo ni mo ti há? Kí ni n ó yí padà? Bí ó bá dáhùn 25 péré nínú 40, kí ó wádìí ibi tí àkókò lọ. Bóyá kíka ìbéèrè ló pẹ́, kì í ṣe títẹ lẹ́tà. Àfojúsùn ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò sì yí padà.

Ẹ̀yin àgùnbánirọ̀ àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ka ìlà mẹ́ta náà, ṣùgbọ́n ẹ má fún un ní máàkì. Bí máàkì bá ti wọ̀ ọ́, ohun tí yóò dùn mọ́ yín nínú ni ọmọ yóò máa kọ.

Ẹlòmíràn yóò ní kò sí iná, kọ̀ǹpútà kò sì tó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n níbi tí ogún ọmọ ti ń pín kọ̀ǹpútà kan lò ni àfojúsùn ti wúlò jù. Ọmọ tó mọ ohun tó wá ṣe kò ní fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kàn án ṣòfò. Kí iná tó dé, ó lè ya lẹ́tà mẹ́jọ náà sórí páálí, kí ó máa fi ìka kọ́ ọ.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ pe ọmọ kan jókòó, kí ẹ bi í ní ohun tí yóò lè ṣe kí sáà tó parí. Ẹ jẹ́ kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìdáhùn náà.