Àwòrán Ọpọlọ Kì Í Ṣe Ìdájọ́ Àjàlá

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò ní dùn mọ́ gbogbo wa, ṣùgbọ́n bí a bá dákẹ́ lé e lórí, ẹnìkan yóò kú sí i láàárín wa.

Mo ṣubú sínú gọ́tà ní Ṣàngótẹ̀dó níbí lẹ́yìn òjò ńlá kan, orí mi sì gbá kọnkéré. Wọ́n ní kí n lọ ya àwòrán inú orí, bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dà síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò sí. Ohun tí wọn kò wá ni wọ́n rí: àpò omi kékeré kan láàárín awọ tí ó bo ọpọlọ, èyí tí wọ́n ń pè ní arachnoid cyst. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kí ó ti wà níbẹ̀ láti inú oyún. Pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé irú rẹ̀ kiri títí wọ́n fi darúgbó láìmọ̀. Pé kò sí iṣẹ́ abẹ, kí n ṣáà padà wá ya òmíràn lẹ́yìn ọdún kan, kí n sì tètè wá bí orí fífọ́ tí kò lọ, èébì, ojú ṣíṣú tàbí gìrì bá dé.

Pásítọ̀ àdúgbò ní kí n wá gba ìtúsílẹ̀. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ní ìlú tí ó ń jẹ́ orúkọ Ṣàngó, gbohùngbohùn ìjọ ni ó ń jí wa. Ti ará ilé ni ó dùn mí. Àgbà kan nínú wa wò mí lójú, ó ní orí tí ó ti sán ni mo gbà lọ́dọ̀ Àjàlá, pé kí n má padà síbẹ̀ mọ́, nítorí ẹ̀rọ òyìnbó a máa ṣí orí ẹni sílẹ̀ fún ayé. Òru mẹ́ta ni n kò fi sùn. Kì í ṣe nítorí àpò omi.

Ṣé a mọ ohun tí a ń sọ nígbà tí a bá ń dárúkọ Àjàlá? Orí inú ni Àjàlá ń mọ. Ọbàtálá ni ó ń mọ ẹran ara. Bí àmì kan bá wà lára mi láti inú oyún, ọwọ́ Ọbàtálá ni ó ti wá. Àwọn tí ó sì mọ lọ́nà tirẹ̀, àfín, abuké, arọ, ẹni òrìṣà ni a ń pè wọ́n, a kì í pè wọ́n ní olórí burúkú. Báwo ni àpò omi kékeré ṣe wá sọ mí di bẹ́ẹ̀ láàárín ọmọ awo?

Ẹ tún wo ìtàn Afùwàpẹ́ nínú Ògúndá Méjì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sáré mú orí tí ó dára lójú, òjò sì bà á jẹ́ kí wọ́n tó dé ayé. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà bi baba rẹ̀ léèrè, Àjàlá fúnra rẹ̀ sì fi ọ̀pá irin dán orí wò kí ó tó gbé e fún un. Ọ̀pá irin, ẹ̀yin ará! Ẹni tí ó mọ orí kò gbẹ́kẹ̀ lé ojú lásán, èmi ni kí n wá máa sá fún ẹ̀rọ?

Ní 1954 ni Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé Aró, níbi tí aláìsàn ọpọlọ ti ń gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, tí oníṣègùn ìbílẹ̀ sì ń bá dókítà ṣiṣẹ́. Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ tí àwọn baba wa fi ń tọ́jú wèrè ní reserpine nínú, èròjà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yọ ní 1952 lára ìbátan rẹ̀ tí ó ń hù ní Íńdíà. Ta ni ó wá kọ́ wa pé Ọ̀sanyìn kórìíra ilé ìwòsàn?

N kò sọ pé ilé ìwòsàn mọ ohun gbogbo. Ní ìdúró ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi, bí ẹni ń sọ iye owó ata, wọ́n sì pe ẹni tí ó kàn. Kò sí ẹni tí ó béèrè bí n óò ṣe sùn. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ tiwa wà: kí àgbà jókòó ti ẹni tí ẹ̀rù ń bà, kí ó bá a fi obì àti omi tútù bọ orí, kí ó sì bi í pé, "Ọjọ́ wo ni wọ́n ní kí o padà?"

Ọjọ́ tèmi ti wà nínú ìwé. N óò bọ orí mi ní àárọ̀ kùtù, n óò sì wọ ọkọ̀ lọ. Bí àgbà náà bá fẹ́ sìn mí lọ, ààyè wà.